Omi Àkọ́sè Orúwo

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà máa pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ wo fóònù, kó lọ máa wò ó lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti tó orí fífọ́ fún mi. Ẹ́sítà, mú kàyé ìkọ̀wé rẹ, kí o sì fi bíìkì yẹn fa ìlà wò kó má lọ dákẹ́ lójú ọ̀nà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ. Má fi ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe sílẹ̀ nítorí pé ìyá àgbà rẹ ni mí. Nítorí ibẹ̀ gan-an la ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ igi orúwo tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wa ni. Ẹ̀yin ń sá ṣòkòtò sí i lára. Láyé ìyá mi, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó bá fara ti igi yẹn lásán, wọ́n á bi í pé ṣé ibà ń ṣe é ni. Lónìí, ìwé kan wà lára ògiri ilé ìwòsàn àdúgbò, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ní kí ìyá kankan má ṣe fún ọmọ ní orúwo mọ́, pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìwé yẹn kò purọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá ti sùn.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láyé ìgbà yẹn, tí ọ̀sà kún, tí ẹ̀fọn ń kùn létí ẹni, ìró tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ kì í ṣe ti alùpùpù. Ìró ìgbálẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ìró ewé tí wọ́n ń já: fìà, fìà, fìà. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ewé tirẹ̀. Àwọn kan ní ewúro, àwọn kan ní efinrin, àwọn Ègùn tó múlé tì wá ní tiwọn tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ létí wa. Tiwa ni orúwo. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á ti Dowa rìn wá sí Houinmè níhìn-ín, ọmọ á gbóná lẹ́yìn wọn bí òkúta ààrò. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á kàn wúkọ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi á ti mọ̀.

Ìyá mi kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà. Aṣọ ló ní. Á rẹ àkísà funfun kan sínú omi àmù, á fún un, á tẹ́ ẹ sí ikùn ọmọ náà, á wá bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní ẹsẹ mẹ́rin. Jẹ́jẹ́ ló máa ń kọ ọ́, gbogbo wa á sì dákẹ́. Bí orin náà bá parí kí aṣọ tó gbóná, a jẹ́ pé ibà kékeré ni. Omi tútù àti oorun ti tó. Bí aṣọ bá gbóná ní ẹsẹ kẹta, ìkòkò gorí iná nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná ní ẹsẹ kìíní, kò ní fọwọ́ kan ewé rárá. Á ní, "Ìyá ọmọ, èyí ju tèmi lọ. Máa gbé e lọ sí lọ́pítà, má yà síbì kankan." Mo rí i lọ́jọ́ kan tó lé obìnrin kan jáde báyìí, tí obìnrin náà ń sunkún pé òun kò fẹ́ dókítà. Ìyá mi ní, "Sunkún náà dé ọ̀dọ̀ dókítà." Ẹ̀yin rò pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ ìwọ̀n ara wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n kejì tó ní ni ẹnu ara rẹ̀. Ẹni tó bá se àgbo, òun ni yóò kọ́kọ́ mu ún, lójú ìyá ọmọ, a ó sì dúró kí òòrùn kúrò lára ògiri yìí bọ́ sára ògiri tọ̀hún. Bí nǹkan kan kò bá ṣe é, ọmọ á wá mu ún, ní ṣíbí kékeré. Kò sí ẹni tó ń bínú pé ó pẹ́. Lónìí, bí rẹ́só fóònù bá lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ti ń gbọn ọ́n bí ẹni ń gbọn igi máńgòrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún ìkórè kan. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, iṣu ni, ìrèké ni, àgbàdo ni, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ la ń gbé lọ síwájú pẹpẹ. Bí àdúrà bá ti wọra, adìyẹ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwa ọmọdé á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi ti rán aṣọ tuntun fún mi, aláwọ̀ ewé, tó ní ọ̀já lẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá ọlọ́mọ kan dé. Ìyá mi tẹ́ àkísà sí ọmọ náà níkùn, ó kọrin rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ló máa se é lónìí."

Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyí. Omi àkọ́sè orúwo, a kì í mu ún. Bó bá ti hó lẹ́ẹ̀kan, tí omi náà pọ́n, gbogbo rẹ̀ ni a ó dà sí ìdí igi tí a ti já ewé. A ó ní a dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà la ó bu omi mìíràn sí i, kí a tó rí ohun tí ènìyàn lè mu. Ṣùgbọ́n aṣọ aláwọ̀ ewé ń pè mí láti inú yàrá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ti dún. Mo sọ lọ́kàn mi pé igi nìkan ni omi náà wà fún, igi kì í sì í gbẹ nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo gbé omi àkọ́sè fún ìyá mi.

Ó mu ún lójú ìyá ọmọ, bí ìṣe rẹ̀. Kí òòrùn tó kúrò lára ògiri, ó ti di inú mú. Ó bì, òòyì ń kọ́ ọ, ọjọ́ méjì ló fi dùbúlẹ̀. Ìyá ọmọ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí lọ́pítà. A kò lọ sí ìkórè. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé náà jókòó sẹ́bàá ẹní rẹ̀, mò ń sunkún, mò ń retí ẹgba. Kò nà mí. Ó kàn la ojú, ó ní, "Wò ó, bí kì í bá ṣe ẹnu mi, ẹnu ọmọ yẹn ni." Ó tún pa ojú dé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Aṣọ yẹn yẹ ọ́." Èyí ló dùn mí jù, títí di òní.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ omi yẹn jù mí lọ ní gbogbo Àjàṣẹ́. Ẹ ó wá bi mí pé, kí ló dé tí mo fi dákẹ́?

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúwo yóò wá lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì gbé igi ìdáná wá lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á kọ́ ọ ní ewé. Lọ́jọ́ kejì, iná. Lọ́jọ́ kẹta, omi. Kò sí ẹni tó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, títí kan èmi tí mo jẹ́ ọmọ inú ilé. Kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ti mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n á ti rí i bóyá ó ní sùúrù, bóyá kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Ẹni tí kò bá padà wá mọ̀ pé òun kò tíì gba nǹkan kan, kò sì ní dán an wò. Ọkùnrin kan wá láti Dowa lẹ́ẹ̀kìíní, ó wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó máa fi gbé igi ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá, èmi ló ń wò, kì í ṣe ìkòkò. Bàbá àgbà yín nìyẹn. Títí ó fi kú, kò mọ orúwo sè.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Gbogbo ayé mi ni mo fi gba òwe yìí gbọ́. Ó já mi kulẹ̀.

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀, Félix lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì ló ti wá, ó ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń di ọ̀mọ̀wé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Ègùn, ìyá rẹ̀ jẹ́ Nàgó bíi tiwa, ó sì ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá òkúta lódò. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ orúwo."

Mo ní, "Ta ló ní?"

"Gbogbo Houinmè ni, Màmá."

"Gbogbo Houinmè tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń ra oògùn ibà báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun méjì ni àwọn fẹ́ mọ̀: bóyá orúwo ń lé ibà lóòótọ́, àti bóyá kì í pa ẹni tó mu ún lára. Ó ní eku funfun ni àwọn máa kọ́kọ́ fún. Mo bi í pé eku wo ló máa wá sọ fún un pé ibà ń ṣe òun. Ó ní àwọn á fi ìwúkàrà, èyí tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì, gún eku lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á gbóná. Wọ́n á wá fún un ní omi orúwo, wọ́n á sì máa ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà bọ̀ ọ́ nídìí ní wákàtí wákàtí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Eku di búrẹ́dì, ẹ tún ń yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti jinná." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ́sítà sá wọ inú ilé, ìtìjú mú un.

Félix gbé fóònù síwájú mi kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Mo fi ewé hàn án. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń fetí sílẹ̀, mo fi ti iná kún un, ohun tí n kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí lọ́jọ́ kìíní. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ó parí, Màmá?"

Mo ní, "Bí a ṣe ń se é nìyẹn. Bí o bá ń padà bọ̀, gbé igi ìdáná wá."

"Gáàsì la fi ń dáná ní ilé àyẹ̀wò wa, Màmá."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó fún mi ní ìwé kan kí n buwọ́ lù, mo buwọ́ lù ú, ó já ewé kún àpò, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Mo dúró dè é. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbá ìdí orúwo. Mo ní kí Ẹ́sítà ra bisikíìtì sílẹ̀ dè é. Èkúté ilé ló jẹ ẹ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ náà tún lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn ọmọ ìwé ní iṣẹ́ púpọ̀, ó ń bọ̀. Ṣé ẹ rí i, èmi rò pé ó mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Báwo ni ènìyàn ṣe máa wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì gbà pé òun ti mọ nǹkan?

Ẹ́sítà ló kọ́kọ́ rí ìwé ara ògiri yẹn. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n; bó bá fẹ́ kí ènìyàn, á kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ilẹ̀. Ọdún díẹ̀ ló lò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó lè ka Faransé níwọ̀nba. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú kó tó sọ fún mi, ó sì kọjú sí ògiri sọ ọ́. Ó ní orúwo mú ara àwọn eku tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fún ní púpọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ wọn wú, òmíràn kò dìde mọ́.

Mo ní, "Ṣé wọ́n da omi àkọ́sè nù?"

Ó ní, "N kò rí i nínú ìwé náà, Ìyá àgbà."

Níbo ni yóò ti rí i? Ta ló sọ fún wọn? Ohun tí ìyá mi mu lọ́jọ́ ìkórè ni wọ́n gbé fún eku. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, dídákẹ́ ni.

A gun alùpùpù sẹ́míjàn méjì, èmi lórí ọ̀kan, Ẹ́sítà lórí èkejì, ó di ilé àyẹ̀wò. Ọ̀nà náà jìn. Ìbàdí mi kò tíì dárí jì mí. Faransé ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀, wọ́n sì ń rìn bí ẹni tí nǹkan ń jóná nílé rẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bi wá pé ta la wá rí. Ẹ́sítà la ẹnu, ohùn kò jáde. Èmi bá ń pariwo orúkọ Félix títí ó fi yọ, ó wọ aṣọ funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn, lójú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, inú mi ì bá dùn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ omi àkọ́sè fún un, mo fi ti ọdún ìkórè kún un. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nígbà náà?"

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò padà wá?"

Eku kan ń ha irin níbì kan nínú yàrá.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń bèèrè, Màmá. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó lọ ṣiṣẹ́. Mo sì bi yín pé ṣé ó parí."

"O bi mí. Mo ní kí o gbé igi wá."

"Mo rò pé ẹ ń bá mi ṣeré ni."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń bá ọ ṣeré?"

"Ẹ ti kọ́kọ́ sọ pé eku di búrẹ́dì, Màmá."

Òótọ́ ni, mo sọ ọ́.

Ó ní ìwé náà ti jáde. Láti tún un ṣe, àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n á wá eku mìíràn, wọ́n á wá ẹni tó ní àyè. Gbogbo ìyẹn ni mo fara dà. Ó wá sọ pé, "Ó sì lè jẹ́ pé omi kejì náà ní ewu tirẹ̀, Màmá. A kò mọ̀, àfi bí a bá dán an wò."

Mo bínú. Mo ní, "Omi kejì? Ìyá mi ló mu ún títí ó fi darúgbó, fún gbogbo ọmọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá."

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìyá yín nìkan ni, Màmá. Kí ló pa wọ́n?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ló pa ìyá mi. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí omi orúwo, bíi ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kó tó lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n kò da ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ àti ti orúwo pọ̀ rí, àfi ọjọ́ náà, níwájú ọmọ tí kò gbé igi wá. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé kì í ṣe orúwo ló fà á. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ pé orúwo ni. Kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ igi nìkan mọ́.

Félix ní, "Bí ẹ bá lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ kò fi ọ̀kankan pamọ́, màá gbé e fún ọ̀gá mi. N kò ṣèlérí, Màmá."

Mo ń wo ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ yìí ló máa kọ̀wé? Mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ó kéré bí ohùn ẹ̀fọn: "Èmi á kọ ọ́."

Félix ní, "Ẹ ní kí ni?"

Ẹ́sítà ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún un sọ. "Mo ní èmi á kọ ọ́. Ní Nàgó. Ẹ̀yin ni kí ẹ túmọ̀ rẹ̀."

Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyí. Ẹ́sítà, ibí yìí ni kí o fara balẹ̀ kọ. Ewé orúwo tó dúdú, kì í ṣe ọ̀mùnú, lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ. Iná igi, tí kò ga. Omi àkọ́sè, kí a dà á nù pátápátá, kó má ku ẹ̀kán kan. Omi kejì. Kí ẹni tó se é kọ́kọ́ mu ún. Kọ ọ́ sí i pé, "Ó parí, Félix, lọ́tẹ̀ yìí ó parí." Kí o sì fi kún un pé ojú ìyá mi pọ́n kó tó kú. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kọ ọ́.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbọ́. Títí wọn ó fi dán omi kejì yẹn wò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé orúwo kaná fún ọmọ nínú ilé yìí. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí lọ́pítà. Ìwé tó wà lára ògiri yẹn, ẹ má ya á. Bó bá ya yín lẹ́nu, ó ya èmi tí mò ń sọ ọ́ náà lẹ́nu.

Ẹ wò ó, mo ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìjókòó kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbé igi wá. Láyé àtijọ́, ohun tí a fi pamọ́ ló máa ń mú ènìyàn padà. Èyí tí mo ní, ó ti wà nínú kàyé báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lè jókòó sí Kútọnu kó kà á. N kò ní ohun tí mo fi lè fà yín wálé mọ́. Ẹ ṣáà máa wá. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbé igi wá.